Bí Mo Ṣe Tọ́jú Bẹ́là Títí Tó Fi Lọ

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo sọdá bọ́dà wá sí ilẹ̀ Nàìjíríà ni pé èdè tí mò ń sọ náà ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu ti òdìkejì bọ́dà, ìlú aládé. Kétu náà ni mo sì bọ́ sí l'Ékòó, Kétu ti ẹ̀gbẹ́ Máìlì 12, níbi tí òórùn tòmátì tó ti bàjẹ́ ti máa ń pàdé èèyàn kó tó fojú kan ọjà. Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá bi mí pé, "Àǹtí, ará ibo ni yín?"

"Ará Kétu ni mí."

"Kétu la wà yìí. Kétu àdúgbò wo?"

"Kétu gangan."

Òun àti àwọn tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé, ẹ̀rín náà tún pọ̀ sí i, torí bí mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Háà, ará Kutọnú ni." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé Kutọnú rí láyé mi, òjò ló sì pa mí níbẹ̀ títí mo fi padà sílé. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, ará Kutọnú ni mo di.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ríṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé Mọ́mì Tèmi, nínú ẹ́sítéètì kan lápá ibi tí Ṣàngíṣà wà, níbi tí géètì ti tóbi ju ilé bàbá mi lọ. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Wọ́n ní ó lọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà, yóò padà. Òun àti Tèmi, ọmọbìnrin wọn tó ń lọ sẹ́kọ́ńdìrì, ló wà nílé. Tèmi ló sọ mí ní Àǹtí Kutọnú. Kò sọ ọ́ tìkàtìkà. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé ewé ni èyí, òkúta ni tọ̀hún. Mo máa ń dáhùn. Nígbà tó yá, bí ẹnì kan bá pe orúkọ mi gan-an lójijì, mo lè má yíjú.

Mo ń gbálẹ̀, mo ń fọṣọ, mo ń lọ aṣọ, mo ń sè, mo ń bu omi sí òdòdó. Iṣẹ́ kò pa mí. Ohun tó fẹ́ pa mí ni pé mo lè wà láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n má gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó ju "Àǹtí, gbé èyí" àti "Àǹtí, o ti pa gáàsì?" lọ. Nílé wa, tí o bá jí láàárọ̀, kí o tó dé ibi tí o ti máa bọ́jú, o ti kí èèyàn lọ bẹẹrẹ. Ní ẹ́sítéètì yẹn, àwọn aládùúgbò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nínú mọ́tò, gíláàsì á wà ní títì, èmi á sì kúnlẹ̀ kí gíláàsì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó jáwọ́.

Ẹni tí mo wá ń bá sọ̀rọ̀ ni Bẹ́là. Ajá Mọ́mì Tèmi ni, abo, ó tóbi, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí iyanrìn ilé wa, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan sì funfun bíi pé ó tẹ ẹfun. Yàrá mi lẹ́yìnkùlé àti ibùsùn rẹ̀ jọ pín ògiri kan ni. Tí mo bá ń to aṣọ, á wá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo sì máa ń bá a sọ èdè ilé wa pátápátá, láìtún ohùn ṣe. Kò fi mí rẹ́rìn-ín rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló kù tó ń pè mí láti ilé. Ìyá wa ti kú, bàbá wa ti kú. Tí ó bá pè, á kọ́kọ́ sọ ti òjò àti ti oko, lẹ́yìn náà ni á wá dẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọkọ rẹ àtijọ́ ti bímọ míì o. Ọkùnrin ni."

"Kí Ọlọ́run dá a sí."

"Àmín. Àwa náà wà dáadáa. Yàrá rẹ yẹn, ìyàwó mi kó àgbàdo sí i o, kí òjò má bà á jẹ́. Kì í ṣe pé a lé ọ."

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n."

Bí ó bá ti pa fóònù, mo máa ń jókòó, mo máa ń fojú inú wo àgbàdo nínú yàrá mi, látilẹ̀ dé òkè, níbi tí bẹ́ẹ̀dì mi wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kan tí mò ń fọ abọ́, Mọ́mì Tèmi wọ ilé ìdáná wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Àǹtí, Bẹ́là máa ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ ẹ̀. Ìwọ lo máa tọ́jú ẹ̀ o, tìẹ ló máa ń gbọ́."

Mo tún abọ́ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ fọ̀.

"Àìsàn ló ń ṣe é ni, mà?"

"Rárá o. Kó má bàa bímọ mọ́ ni. Dókítà ní ó dáa fún ìlera ẹ̀, kò ní ní àrùn inú ilé ọmọ tó bá dàgbà. Àti pé, ó rọrùn bẹ́ẹ̀."

"Ó rọrùn fún kí ni, mà?"

"Ó rọrùn ṣáà, Àǹtí."

Ó jáde. Èmi dúró síbẹ̀, omi ẹ̀rọ ń ṣàn lọ lásán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kó má bàa dà bíi pé ajá nìkan ni mò ń sọ. Wọ́n ti yọ tèmi náà. Ọmọ kú sí mi nínú nígbà tí mò ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ kò dá, àwọn dókítà sì ní tí àwọn kò bá yọ ilé ọmọ, èmi náà yóò bá a lọ. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo jí. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ni mo bi pé ọmọ dà, òun ló sì sọ fún mi, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má ṣe sọ pé òun ló sọ. Nígbà tí mo délé, ìyá ọkọ mi ní ara ẹni tí kò gbọ́mọ bọ̀ kì í pẹ́ le. Kí ojú abẹ tó san, mo ti ń pọn omi. Títí di òní, tí òtútù bá mú, mo máa ń mọ ibi tí wọ́n ti là mí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkọ mi fi fẹ́ ìyàwó míì, tí mo sì di ẹni tí wọ́n ń bá jẹun bíi pé àlejò ni mí. Bí mo ṣe kúrò nílé nìyẹn.

Ilé ìwòsàn ẹranko náà wà ní Mendé. Dókítà ibẹ̀, obìnrin ni, kò ga, gbogbo ènìyàn ń pè é ní Dókítà Ṣadé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ l'Ékòó tó dojú kọ mí bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí Mọ́mì Tèmi wà níjòókòó.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa wà pẹ̀lú ẹ̀, àbí? Ẹ wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí kò ní lè wẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Tó bá ti jẹun alẹ́, ẹ má fún un lóúnjẹ mọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé omi náà kúrò. Tí oúnjẹ bá wà níkùn ẹ̀, abẹ́rẹ́ oorun lè jẹ́ kó bì, á sì há a lọ́fun."

Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Bẹ́là dúró níwájú abọ́ òfìfo, ó wo abọ́, ó wò mí. Tèmi yọ́ bísíkíìtì sínú apá aṣọ ilé ìwé rẹ̀ wá. Mo já a gbà.

"Àǹtí Kutọnú, ẹ burú! Ebi ń pa á!"

"Ebi kò ní pa á kú, Tèmi. Bísíkíìtì yìí lè pa á."

Ó bínú lọ sílé ìwé. Mo mú Bẹ́là jókòó sẹ́yìn mọ́tò, orí rẹ̀ wà lórí itan mi títí a fi dé Mendé.

Wọ́n mú un wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo ògiri. Mọ́mì Tèmi ti lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí Dókítà Ṣadé jáde, ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní kí n wá. Wọ́n tẹ́ Bẹ́là sórí aṣọ, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, wọ́n ti fá irun ikùn rẹ̀, ojú abẹ náà sì gùn tó ìka mi, wọ́n rán an dáadáa. Ó ń kérora jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lá àlá.

"Ó ti ń jí," ni dókítà wí.

"Ṣé ó mọ ohun tí wọ́n yọ, mà?"

"Kò mọ̀, Àǹtí. Ìrora ló mọ̀, a sì ti fún un ní oògùn ìrora."

"Ta ló wà pẹ̀lú ẹ̀ nígbà tó ń lajú?"

"Èmi. A kì í fi wọ́n sílẹ̀ tí wọ́n bá ń jí. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń fọwọ́ pa Bẹ́là létí.

Dókítà sọ bí ìtọ́jú ṣe máa rí. Kí n jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru. Kí n má bu oúnjẹ púpọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Omi díẹ̀, oúnjẹ díẹ̀ tó bá di alẹ́. Kó má fò, kó má gun àtẹ̀gùn, kó má sáré. Tó bá fẹ́ tọ̀, kí n fi okùn kúkúrú mú un jáde, ká sì padà wọlé. Kí n máa wo ojú abẹ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: tó bá pọ́n díẹ̀, tó wú díẹ̀, kò burú; tó bá ń rùn, tó bá ń yọ ọyún, tàbí tó bá ṣí, kí n máa bọ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ike kan sí i lọ́rùn, ó là bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ kẹrosíìnì, kó má bàa fi ahọ́n kan ọgbẹ́. Dókítà ní, "Èyí ṣe pàtàkì jù. Bó ṣe wù kó bẹ̀ yín tó, ẹ má bọ́ ọ."

Mọ́mì Tèmi ra bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun fún Bẹ́là. Ó ní kí wọ́n máa se adìyẹ láìfi ata sí i fún un. Ó ní kí n fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ ná, kí n máa ṣọ́ ọ. Mo jókòó tì í lórí ẹní. Mi ò jowú ajá. Ẹ má gbọ́ mi sódì. Inú mi dùn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n ìkorò kan wà tó máa ń gòkè wá sí mi lẹ́nu tí mo bá ń gé adìyẹ náà wẹ́wẹ́. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe pé àwọn èèyàn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí wọ́n là níkùn. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ojú abẹ ti ń gbẹ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ Tèmi wá kí i. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sá aṣọ. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú Bẹ́là, ike náà kò sì wù wọ́n, ni wọ́n bá bọ́ ọ. Nígbà tí mo wọlé, Bẹ́là ti gbórí sábẹ́ ikùn, ó ń lá ọgbẹ́ náà, ó sì ti fa okùn kan já. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Mo pe Mọ́mì Tèmi. Kí n tó ṣàlàyé tán, ó ti ń pariwo: "Kí ni mo ní kí o ṣe? Ohun kan ṣoṣo! Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ajá lọ́hùn-ún, kí lẹ mọ̀ nípa ìtọ́jú ajá?" Tèmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sọ pé òun ni. Mi ò wò ó. Mo fi aṣọ mímọ́ di ikùn Bẹ́là, mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí mo rí lẹ́nu géètì, mo ní kí awakọ̀ máa gbé wa lọ sí Mendé. Ó wúwo. Bí a ṣe ń bọ́ sínú kòtò ní Ojóta, mo gbé e sókè lórí itan mi kí ikùn rẹ̀ má bàa gbọ̀n.

Dókítà Ṣadé fọ ọ́, ó tún un rán. Ó ní ọgbẹ́ náà kò tíì ṣí wọ inú. Ó fọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀, ó sì ní, "Ọlọ́run yọ wá. Ó gbọ́dọ̀ jinná dáadáa kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú."

"Ta ló fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú, mà?"

Ó gbé abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Wọn ò tíì sọ fún yín ni?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Kánádà ni gbogbo wọn ń lọ, Àǹtí. Àti Bẹ́là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Nígbà tí Mọ́mì Tèmi dé láti ibi iṣẹ́, mo dúró ní pálọ̀, mi ò kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ń lọ?"

Ó tú bàtà rẹ̀. Ó jókòó. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ṣé òótọ́ ni, mà?"

"Òótọ́ ni. Mo fẹ́ sọ fún ẹ tí Bẹ́là bá ti jinná."

"Kí ló dé tó fi di ìgbà tí Bẹ́là bá jinná?"

"Àǹtí, tí mo bá sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀, tí o sì wá iṣẹ́ míì lọ, ta ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún? Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bíi pé ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo èèyàn ni. Nígbà tó rí ojú mi, ó ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń bẹ̀rù. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ ju Dádì Tèmi lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí, wọn ò ní kà á sí."

Mo fẹ́ sọ fún un ohun tó máa bá pàdé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ ìlú tí kì í ṣe tiẹ̀. Á máa kí àwọn tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Ẹni tí kò bi mí bí àjò ṣe rí láti ọjọ́ yìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ó ṣeé ṣe kí n padà wálé.

"Wá, wá. Ilé rẹ ni. Àmọ́ ṣé o lè ní sùúrù kí a kọ́kọ́ ta àgbàdo yẹn?"

Mo ní mo lè ní sùúrù.

Àwọn kan máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kó ẹrù mi jáde lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà ti bi ara mi. Mo dì í, mo so báàgì náà tán. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, Bẹ́là ń gbìyànjú láti dìde pẹ̀lú ike lọ́rùn, ike náà ń kọ lu ògiri, ó rò pé a fẹ́ jáde lọ tọ̀ ni. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo mú okùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe sí mi, kì í ṣe òun ló ṣe é.

Mo wo ojú abẹ náà láàárọ̀, mo wò ó nírọ̀lẹ́. Mo fi oògùn sínú adìyẹ. Mo fi ike náà padà sí i lọ́rùn ní gbogbo ìgbà tó bá bọ́. Nígbà tí wọ́n tú okùn tí wọ́n fi rán an, Dókítà Ṣadé fọwọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó sì sọ fún mi níwájú Mọ́mì Tèmi pé, "Ọwọ́ yín dáa, Àǹtí. Ẹ wá bá mi tí wọ́n bá lọ. Mo fẹ́ ẹni tó máa jókòó ti àwọn tó bá ń jí." Mọ́mì Tèmi rẹ́rìn-ín, ó ní, "O rí i? Ọlọ́run ti pèsè." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n lọ. Wọ́n ti kó ilé tán, àwọn tó ra àga àti fíríìjì ti wá gbé wọn, ohùn wa ń dún nínú pálọ̀ òfìfo. Wọ́n gbé kéèjì tí Bẹ́là máa wọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́là kò wọ̀ ọ́. Mọ́mì Tèmi ju ẹran sínú rẹ̀, kò wọlé. Tèmi tì í lẹ́yìn, ó kùn mọ́ Tèmi, ohun tí kò ṣe rí. Awakọ̀ ń wo aago.

"Àǹtí," Mọ́mì Tèmi ní, "bá mi pè é. Jọ̀ọ́."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì náà. Mo tú ìborùn mi, mo tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Mo fi ohùn ilé wa sọ fún un pé, "Máa bọ̀, ìyá mi. Wọlé." Bẹ́là wò mí. Ó wọlé. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó dùbúlẹ̀ sórí ìborùn náà, ó ń ju ìrù, ó ń retí kí n bá òun wọlé. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Ó ń ju ìrù títí wọ́n fi gbé e sínú mọ́tò.

Tèmi dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Ó sọ sí mi létí pé, "Àǹtí, èmi ni mo bọ́ ike yẹn." Mo ní mo mọ̀.

Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Dókítà Ṣadé báyìí. Èmi àti obìnrin méjì míì la jọ ń gbé yàrá kan lápá Ìkòsí. Mo ń nu ilẹ̀, mo ń fọ kéèjì, tí wọ́n bá sì gbé ajá jáde láti orí tábìlì, èmi ni mo máa ń fọwọ́ lé e títí á fi lajú. Àwọn tó ni wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ta àgbàdo, ó sì ti kó òmíràn sí i.

Òtútù ti mú ní Kánádà nígbà tí Mọ́mì Tèmi pè mí, ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà ìkẹyìn. Mo rí ojú rẹ̀ nínú fóònù, ó ti gbẹ. Ó ní Bẹ́là kò jẹun dáadáa láti ìgbà tí wọ́n dé, dókítà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí n bá a sọ̀rọ̀, bóyá á gbọ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Mo rí ẹsẹ̀ funfun yẹn.

"Bẹ́là," mo ní. "Jẹun, ìyá mi. Jẹun."

Etí rẹ̀ dìde. Ó rìn yí fóònù náà ká, ó ń wá mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún sọ ọ́, mo sì ń sọ ọ́ lọ, títí mo fi gbọ́ tó ń jẹ oúnjẹ wàkàwàkà.

"Háà, ẹ ṣé o, Àǹtí!" Mọ́mì Tèmi gbé fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn tó fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. "Ọlọ́run á bù kún yín."

Mo ní, "Àmín, mà."

Mo dúró díẹ̀, bóyá á bi mí pé ibo ni mò ń gbé. Ó ti pa fóònù.